Nígbà Tí Ọtí Tàbí Oògùn Olóró Bá Ti Di Bárakú Fún Ẹnì Kan Nínú Ilé: Ìtọ́sọ́nà Fún Àwọn Tí Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kọ́kọ́ ṣe nígbà tí àṣírí bá tú pé ọtí tàbí oògùn olóró ti di ọ̀kan nínú wọn mú ni pé wọ́n á da gbogbo ọtí nù, wọ́n á gba owó ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, nítorí kò sí ìyá tí yóò rí ọmọ rẹ̀ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ tí yóò lè káwọ́ gbera. Síbẹ̀, fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí láti ọjọ́ pípẹ́, ìdádúró òjijì yẹn gan-an lè pa á kíákíá ju ọtí náà lọ.

Mo ti jókòó ti ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹta tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti tì í mọ́lé. Òógùn bo gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé ife omi dé ẹnu, ó sì ń fi ìka méjì ṣa èèrà lórí aṣọ ibùsùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, ó ń kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀. Kò sí èèrà kankan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fara ti ògiri ń sọ léraléra pé, "Ṣebí ọtí nìkan la gbà lọ́wọ́ rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ni mo fi ìtọ́sọ́nà yìí dáhùn, fún un àti fún gbogbo ẹni tó bá wà ní ipò rẹ̀.

Bí ọ̀ràn náà ṣe gbilẹ̀ tó

Ìtìjú ló máa ń kọ́kọ́ di ìdílé lẹ́nu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ọtí fa ikú ènìyàn mílíọ̀nù 2.6 ní ọdún 2019 nìkan, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 ènìyàn tó ti pé ọdún 15 sókè ni ọtí ti di àìsàn sí lára, tí mílíọ̀nù 209 nínú wọn kò sì lè ṣe aláìmu ún mọ́. Ní ti oògùn olóró, ìròyìn tí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀ràn oògùn àti ìwà ọ̀daràn gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé mílíọ̀nù 292 ènìyàn ló lo ọ̀kan tàbí òmíràn nínú wọn ní ọdún 2022. Mílíọ̀nù 228 ló fa igbó, mílíọ̀nù 60 sì lo oògùn apàrora líle. Ó ti di àìsàn fún mílíọ̀nù 64, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú mọ́kànlá wọn ló ń rí ìtọ́jú gbà. Èyí ló ká mi lára jù nínú gbogbo iye wọ̀nyí, nítorí pé inú ilé ni àwọn mẹ́wàá yòókù wà, lọ́wọ́ ìyá, ìyàwó, ọkọ àti àbúrò tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ohun tí wọn yóò ṣe.

Kì í sì í ṣe ẹ̀dọ̀ nìkan ni ọtí ń bà jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti gbà. Láti ọdún 1988 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Lára àwọn tí a mọ̀ lónìí pé ó ń fà ni ti ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, gògóńgò, ẹ̀dọ̀, ìfun ńlá àti ọmú. Ọtí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń sọ iṣan ọkàn di aláìlágbára, ó sì ń ba ọmọ inú oyún jẹ́ láìsí ìwọ̀n kan tí a lè pè ní èyí tí kò léwu. Nínú mílíọ̀nù 2.6 tí mo sọ lókè, ó lé ní 700,000 tó jẹ́ pé ìfarapa ló pa wọ́n: ìjàǹbá ọkọ̀, ìjà, àti ẹni tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó ń lò, iye rẹ̀, àti ìgbà tó lò ó kẹ́yìn

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ wá ìwé kékeré kan tí ẹ óò máa kọ nǹkan sí. Ẹ kọ orúkọ ohun tó ń lò sílẹ̀, iye tó ń lò lójúmọ́, bó ṣe ń lò ó, yálà ó ń mu ún, ó ń fà á símú tàbí ó ń gún un lábẹ́rẹ́, wákàtí tó lò ó kẹ́yìn, àti oògùn ilé ìwòsàn yòówù tó tún ń lò. Bí ẹ bá rí páálí oògùn tàbí ìgò, ẹ má ṣe jù ú nù nínú ìbínú, ẹ fi pamọ́. Ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, bí ẹ kò bá sì rí i dáhùn, ẹ̀mí ẹni yín wà lọ́wọ́ àfojúbù.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ọ̀nà tí ọtí àti àwọn oògùn olóró ń gbà pani kò dọ́gba. Àwọn kan ń mú ara falẹ̀, àwọn ni ọtí, oògùn oorun bíi diazepam, àti oògùn apàrora líle bíi codeine, tramadol, morphine àti heroin. Èémí ni ìwọ̀nyí ń pa: ọpọlọ á gbàgbé láti pàṣẹ fún àyà kí ó mí. Àwọn kan ń lé ara sáré, bíi kokéènì àti methamphetamine. Ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bá jà, wọ́n sì lè fa àrùn rọpárọsẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Igbó, tí ọ̀pọ̀ ń fojú kéré, kì í sábà dá èémí dúró, ṣùgbọ́n fún ọ̀dọ́ tó ń fà á lójoojúmọ́, pàápàá èyí tó bá lágbára, ó ń mú kí àìsàn ọpọlọ tètè yọjú, ìyẹn èyí tí ènìyàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àpapọ̀ àwọn tó ń mú ara falẹ̀. Ẹni tó mu ọtí tí kò pọ̀, tó gbé oògùn oorun tí kò pọ̀ lé e, tó tún fi codeine díẹ̀ kún un, lè má jí, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìbá pa á bó bá dá wà. Codeine fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tàn kan nínú: ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di morphine, ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan sì ń ṣe iṣẹ́ yìí kíákíá ju ti ẹlòmíràn lọ láti ìgbà tí a ti bí wọn. Ọ̀rẹ́ méjì lè pín ìgò oògùn ikọ́ kan mu lọ́gbọọgba, kí ọ̀kan sùn kó sì jí, kí èkejì má mí mọ́.

Ní ti ọtí, ẹ má ṣe ka iye ife, ẹ ṣírò rẹ̀. Ìgò bíà kan tó gba mìlílítà 330, tí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ògidì ọtí, ní nǹkan bíi gíráàmù 13 ògidì ọtí nínú. Ìgò ọtí líle tó gba mìlílítà 750, tí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ògidì ọtí, ní nǹkan bíi gíráàmù 237. Ẹni tó bá ń sọ pé ìgò ọtí líle kan ṣoṣo lòun ń mu láàárín ọjọ́ méjì ń mu ohun tó tó ìgò bíà mẹ́sàn-án lójúmọ́. Mo ti rí ìyàwó ilé tó sunkún nígbà tó parí ìṣirò yìí, nítorí ojoojúmọ́ ló ń rí ife kékeré náà lórí tábìlì, kékeré ló sì ń rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ̀ bóyá ó ti di bárakú

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ọ̀mùtí kì í fi í mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí àwọn dókítà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Èkínní ni bóyá ẹni náà ti rò ó rí pé ó yẹ kí òun dín ọtí òun kù. Èkejì ni bóyá inú máa ń bí i bí wọ́n bá bá a wí nípa rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bóyá ẹ̀rí ọkàn máa ń dà á láàmú lẹ́yìn tó bá mu ún. Ẹ̀kẹrin ni bóyá ó ti mu ún rí ní kùtùkùtù láti fi dá ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró tàbí láti fi la ojú. Bí ìdáhùn méjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹrin yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ọtí òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn mọ́. Ara ti tún ètò rẹ̀ tò yí ọtí ká, ó sì ń bèèrè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bèèrè omi. Ẹni tí ẹ bá rí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, tí gbígbọ̀n náà sì rọlẹ̀ bó ṣe mu ife àkọ́kọ́ tán, ni ẹni tí ẹ kò gbọdọ̀ gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì.

Fún oògùn olóró, ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyí: pé iye tó ń lò ń pọ̀ sí i kí ó tó rí ohun tó ń wá nínú rẹ̀, pé ó pinnu láti lo díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè dúró síbẹ̀, pé ó ti fi iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn sílẹ̀, pé ara ń ni ín bó bá pẹ́ kó tó rí i, àti pé ó mọ̀ pé ó ń pa òun lára, síbẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀. Bí mẹ́ta nínú wọn bá pé láàárín ọdún kan, àìsàn ni ẹ ń wò. Ọmọ burúkú kọ́ ni ẹni náà, ọ̀nà tí a sì ń gbà tọ́jú aláìsàn yàtọ̀ sí ti ẹni tó hùwà àìtọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá

Ẹ má ṣe bá a sọ̀rọ̀ lóru tó bá yó, ẹ má sì ṣe pe gbogbo ẹbí jọ lé e lórí bí ẹjọ́. Ẹnì kan tàbí méjì tó fẹ́ràn ti tó, láàárọ̀ tí ara rẹ̀ balẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé kò sí. Ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí, ẹ má sọ irú ènìyàn tí ẹ rò pé ó jẹ́. Bí àbúrò bá ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ó lè rí báyìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo jókòó tì yín. Lánàá mo rí i tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n tí ẹ kò fi lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù yín. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà lọ́jọ́ Thursday, èmi ni mo máa tẹ̀ lé yín." Ọ̀rọ̀ yìí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú, ó ní ìfẹ́ nínú, ó sì ní ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń bèèrè, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe mú un búra. Ìbúra tí ara rẹ̀ kò lè mú ṣẹ yóò kàn sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú ara rẹ̀ ni, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bárakú náà pamọ́ fún yín. Bó bá ní òun kò lọ, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú ohùn kan náà. Nínú ohun tí mo ti rí, ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ tó máa ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìdádúró gbọ́dọ̀ wáyé lójú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà

Ibí yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yẹn wà. Ọtí ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ọpọlọ má bàa sùn pátápátá, òun náà á máa ti ara rẹ̀ sókè lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá mú ọtí kúrò lójijì, kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣíwọ́ títi ara rẹ̀ sókè. Ó dà bí ẹni méjì tí ń fa okùn, tí ọ̀kan dédé jọ̀wọ́ rẹ̀: èkejì ni yóò ṣubú.

Láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bò ó, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, oorun á dá, èébì á sì máa gbé e. Láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta àkọ́kọ́, gìrì lè mú un bí ẹni tó ní wárápá. Láti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin ni èyí tó burú jù máa ń dé: kò ní mọ ibi tó wà, yóò máa rí ohun tí kò sí, ara rẹ̀ á gbóná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè, ó sì lè kú. Èèrà orí aṣọ ibùsùn nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mùtí ló ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí gìrì ti mú rí nígbà tó dáwọ́ dúró, àti ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún oògùn oorun bíi diazepam. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, lábẹ́ àṣẹ dókítà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè fún un ní oògùn tí yóò rọ ọpọlọ lọ́rùn, kí wọ́n sì máa dín in kù lójoojúmọ́. Wọ́n á tún fún un ní fítámì B1, nítorí ọtí àmujù máa ń gbá a dànù kúrò lára, àìsí rẹ̀ sì lè ba agbára ìrántí jẹ́ títí láé. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀mùtí ni, kí wọ́n lè rántí fítámì yìí kí wọ́n tó fa omi oní-ṣúgà sí i lára. Bí ọjọ́ tí ẹ óò rí dókítà bá ṣì kù díẹ̀, ó sàn kí ó má dá ọtí náà dúró pátápátá títí ẹ óò fi débẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le láti gbọ́.

Àwọn tó ń lo heroin, codeine tàbí tramadol kì í sábà kú látàrí ìdádúró, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ pọ̀: egungun á máa ro wọ́n, ikùn á máa ṣí, imú á máa dà, wọn kò sì ní sùn. Fún heroin, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlélógún. Ohun tí ẹ óò ṣọ́ ni kí omi má tán lára wọn. Ti tramadol ní ewu mìíràn ní tirẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ lè fa gìrì fún ẹni tó lò ó jù. Oògùn méjì, methadone àti buprenorphine, tí dókítà fi ń rọ́pò heroin àti irú rẹ̀, ti wà nínú àkọsílẹ̀ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 2005, wọ́n sì ń dín ikú kù láàárín àwọn tí heroin àti irú rẹ̀ ti di bárakú fún. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ẹ kàn ń fi bárakú kan rọ́pò òmíràn ni. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹni tó dá kokéènì tàbí methamphetamine dúró yóò sùn fọnfọn, yóò jẹun púpọ̀, ìbànújẹ́ ńlá yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó bá sì sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ tí kò jí

Mi ò fi nọ́ńbà sí èyí, nítorí kò ní dúró kí ó kàn án. Ẹ kà á lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo àgbàlagbà inú ilé kà á.

Ẹ pè é lórúkọ pẹ̀lú ohùn rara, ẹ gbọn èjìká rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ di ìkúùkù, kí ẹ fi oríkèé ìka yín ra egungun àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan. Bí kò bá tún jí, ẹ ké sí ọkọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹnì kan lọ wá ọkọ̀ bí ẹ ti ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ wo àyà rẹ̀, kí ẹ ka èémí rẹ̀. Bí kò bá pé mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ó bá ń dáwọ́ mímí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti ń lọ. Híhanrun líle tó ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ kì í ṣe oorun àsùnwọra, ọ̀nà èémí rẹ̀ ló ń dí. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ má ṣe wá àwọ̀ aró lójú rẹ̀. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò nínú, kí ẹ sì wo abẹ́ èékánná àti àtẹ́lẹwọ́.

Bó bá ń mí, ẹ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ na apá rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín síta. Ẹ mú ọwọ́ rẹ̀ kejì kọjá àyà, kí ẹ̀yìn ọwọ́ náà wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ ká orúnkún tó jìnnà sí yín sókè, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín títí yóò fi yí sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí èébì lè jáde dípò kí ó padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọtí pa lóru, ẹ̀yìn ni wọ́n fi lélẹ̀. Bí kò bá mí rárá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ẹ bá sì mọ bí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu, kí ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn gbogbo ìtẹ̀ 30.

Ẹ má ṣe fún un ní ohunkóhun mu. Ẹ má ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ẹ má ṣe gbé e sábẹ́ omi tútù. Kọfí kì í lé ọtí kúrò lára, ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń ṣe é, kò sì sí bí ẹ ṣe lè lé ẹ̀dọ̀ sáré. Ẹ má sì ṣe sọ pé kí ó kàn sùn ún kúrò, nítorí ọtí tó wà nínú ikùn ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbé ife sílẹ̀, ó sì lè burú ní wákàtí kan sí i ju bí ẹ ti fi í sílẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ oògùn apàrora líle ni, tí naloxone, oògùn tó ń sọ agbára oògùn apàrora líle dasán, sì wà nítòsí, ẹ fín in sí imú rẹ̀ tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gún un. Ó máa ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kò sì ní pa á lára bí ẹ bá ṣì í lò. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè tán láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90, kí oògùn tó fẹ́ pa á tó tán lára, nítorí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn bí ó tilẹ̀ ti dìde jókòó tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó mu ọtí tí a fi ọwọ́ pò, tó wá ń sọ lọ́jọ́ kejì pé ojú òun ń ṣe bàìbàì, ti mu májèlé methanol. Ìfọ́jú àti ikú ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan ibi ìtọ́jú pẹ̀lú ìbéèrè

Ẹ bi wọ́n bóyá dókítà wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe bí gìrì bá mú ènìyàn lóru, bóyá ẹ lè wá wò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ń nà án, ẹ mú ẹni yín kúrò níbẹ̀, ẹni yòówù kó júwe ibẹ̀ fún yín. Nínà kò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì wo èyí.

Fífọ ara mọ́ kúrò nínú ọtí kì í ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fún oṣù púpọ̀, àti oògùn bíi naltrexone tàbí acamprosate tó ń dín ìyánhànhàn ọtí kù. Òmíràn wà tó ń jẹ́ disulfiram, tó máa ń mú ara yí padà burúkú bí ọtí bá kàn án. Ẹ má ṣe bù ú sínú oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà sú yín tó, nítorí bó bá mu ọtí lé e, ó lè gba ibẹ̀ kú. Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, níbi tí àwọn ọ̀mùtí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, tí ọ̀mùtí méjì dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935, ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọn kì í sì í gba owó ìforúkọsílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìgbà tó bá padà wálé ni kí ẹ ṣọ́ ọ jù

Ayọ̀ máa ń pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ewu náà sì ga. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò lo oògùn apàrora, ara rẹ̀ ti gbàgbé bí ó ṣe ń gbé e. Bó bá padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye tó ń lò lójoojúmọ́ láìṣe nǹkan kan nígbà náà, ó lè má jí. Ẹ sọ èyí fún un ní gbangba, kí ẹ sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ń fún un láṣẹ.

Láàárín ogójì sí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú ló máa ń padà sí i nígbà kan, bí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe máa ń pa oògùn wọn tì. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó wà, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ àti ohun tó ń dùn ún nígbà tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ kó ọtí kúrò nínú ilé pátápátá, títí kan ti àlejò. Ẹ ti oògùn oorun àti apàrora ẹni yòówù nínú ilé mọ́ inú àpótí. Ẹ mọ wákàtí tí ìyánhànhàn rẹ̀ máa ń dé, kí ẹ fi iṣẹ́ tàbí ènìyàn kún un.

Àwọn ọmọ inú ilé ti mọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ sọ fún wọn pé àìsàn ni, pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ti ń bàlágà mọ̀ pé ọpọlọ ènìyàn kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọdún 25, àti pé bí wọ́n bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni bárakú ṣe ń rọrùn láti wọ̀ wọ́n lára tó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tọ́jú rẹ̀, ẹ wá ẹni tí yóò gba òru méjì lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ padà wá ní oṣù kejì, òun àti àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí etí rẹ̀ ti ká. Ó ṣí i fún mi. Lójú ewé àkọ́kọ́ ó kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ Tuesday. Ó sùn wákàtí méjì. Èmi kò sùn." Lójú ewé tó kẹ́yìn ó kọ ọ́ pé: "Ó sùn wákàtí mẹ́fà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo sùn."